Omi Rẹ Sùn sí Ilé Mi

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbọ́. Wọ́n dá fáìlì rẹ padà. Bí o ṣe ń sọ ọ́ lórí fóònù, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n jà ọ́ lólè lójú títì. Ilẹ̀ éékà 6 lo rà. O sanwó fún ọmọ onílẹ̀, o tún sanwó fún ọmọ onílẹ̀ kejì tó yọjú lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Awọnlẹ̀ ti ri bíkìn mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti pín ilẹ̀ náà sí pulọ́ọ̀tì 30 lórí bébà, wọ́n kun ún ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ojú ọ̀run. Ó ku kí ọ́fíìsì ìlànà ìlú lu òǹtẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe kọ ìlà kan ṣoṣo sí i: kí o lọ mú àwòrán tó fi ibi gíga àti ibi rírẹlẹ̀ ilẹ̀ náà hàn wá, kí o sì fi ibi tí omi òjò yóò gbà jáde hàn. O ní rìbá ni wọ́n ń wá.

Bó bá jẹ́ rìbá ni wọ́n ń wá, má fún wọn. Ṣùgbọ́n dáhùn ìbéèrè náà. Ìbéèrè gidi lè ti ẹnu olè jáde, èyí sì ni ìbéèrè tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n.

Ní 1980, iṣẹ́ mi ò ju kí n máa gbé ọ̀pá ìwọ̀n kiri lẹ́yìn ọ̀gá mi tó jẹ́ awọnlẹ̀, kí n dúró gbọnin lójú oòrùn títí yóò fi wò mí tán láti ojú awò. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún náà, odò Ògùnpa kún bo àárín Ìbàdàn. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí tó bá a lọ. Ìwọ ò tíì dáyé nígbà náà, bàbá rẹ sì lè má sọ ọ́ fún ọ, nítorí àwọn tó rí i kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́. Nígbà tí omi fà, ọ̀gá mi mú mi rìn létí odò. Ó ní kí n máa gbé ọ̀pá kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ẹrẹ̀ tí omi fà sára ògiri, òun sì ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ la fi ṣe é, ẹnikẹ́ni ò sì rán wa níṣẹ́. Nígbà tí a parí, ó wò mí, ó ní, “Odò yìí ò kúrò níbi tó wà o. Àwa la lọ bá a.”

Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣe bí ẹni tó gbàgbé rẹ̀ nígbà tó kan tèmi. Màá sọ ìyẹn fún ọ láìpẹ́.

Àwọn baba wa ò ní awò, wọn ò ní ọ̀pá ìwọ̀n, síbẹ̀ wọ́n wọn Ìbàdàn. Orúkọ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Fetí sí i: Òkè-Àrẹ̀mọ, Òkè-Bọ̀là, Òkè-Àdó, Ìsàlẹ̀-Òsì, Odò-Ọ̀nà. Ẹni tó bá létí, orúkọ àdúgbò ti sọ ibi tí omi ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ fún un. Àkùrọ̀ náà, orúkọ ni: ibi tí à ń gbin ẹ̀fọ́ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a ó sì fi sílẹ̀ fún omi nígbà òjò. Ẹ̀yin díbẹ́lọ́pà lẹ pa gbogbo orúkọ wọ̀nyí dà. Ẹ pe àkùrọ̀ ní Gádìn, ẹ pe ẹrẹ̀ ní Fíù, ẹ wá gbé géètì oníwúrà síwájú rẹ̀. Omi ò kàwé, kò mọ̀ pé ẹ ti pa orúkọ ilé rẹ̀ dà.

Oṣù kìn-ín-ní lo ra ilẹ̀ yẹn, àbí? Mo mọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ta ẹrẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ ló gbẹ nígbà yẹn, gbogbo ilẹ̀ ló dáa. Ṣùgbọ́n bí o bá fara balẹ̀, ilẹ̀ ò lè purọ́ tán. Ṣé o rí igi ògùrọ̀ ní igun ìsàlẹ̀? Ṣé o rí kókò tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, tàbí ihò akàn? Ṣé amọ̀ dúdú ibẹ̀ là pẹẹrẹpẹ bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀? Ṣé o wo ara fẹ́ńsì ẹni tó wà nítòsí, bóyá ìlà omi wà lára búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ní ìwọ̀n orúnkún? O ò wo ìkankan. Ojú ọ̀nà ni o wò, bí ọkọ̀ rẹ yóò ṣe dé ibẹ̀.

Ìwé sọ́féè tó wà lọ́wọ́ rẹ, mo ti wò ó. Ó dára. Ó sọ bí ilẹ̀ ṣe gùn, bó ṣe fẹ̀, àti ibi tí bíkìn kọ̀ọ̀kan wà. Kò sọ ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀, torí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. C of O tí o ń lé náà ò ní sọ ọ́: ẹni tó ni ilẹ̀ ló ń sọ, kò sọ ohun tí ilẹ̀ náà gbà láti gbé. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ ni àwòrán tí awọnlẹ̀ yóò fa ìlà kọ́ńtọ̀ sí. Gbogbo ibi tí gíga wọn bá dọ́gba, ìlà kan náà ni yóò gba ibẹ̀ kọjá. Fún ilẹ̀ tó tó tìrẹ, sọ fún un kó máa fà á ní ìdajì mítà sí ìdajì mítà. Ibi tí àwọn ìlà bá ti há mọ́ra, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, pẹrẹsẹ ni. Ibi tí o bá sì ti rí wọn tí wọ́n tẹ̀ bíi lẹ́tà V, tí ṣóńṣó V náà kọjú sí òkè, omi ti ń gba ibẹ̀ kọjá kí wọ́n tó bí ẹni tó ta ilẹ̀ fún ọ. Má jẹ́ kí awọnlẹ̀ dúró ní bíkìn o. Kó wọn ilẹ̀ kọjá ààlà, lókè àti nísàlẹ̀, kí o lè mọ omi ta ni yóò wọlé tọ̀ ọ́ wá àti ta ni yóò gba tìrẹ.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná, torí mo mọ̀ pé ìṣirò lo gbọ́. Pulọ́ọ̀tì rẹ kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Bí òjò milimítà 50 bá rọ̀ sórí rẹ̀, omi tó bọ́ síbẹ̀ yóò lé ní 33,000 lítà. Dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 mélòó nìyẹn? 167. Lórí pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Òjò tó rọ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí àwẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, milimítà 187.5 ni wọ́n wọ̀n, láàárín wákàtí mẹ́rin ó lé díẹ̀. Lórí pulọ́ọ̀tì rẹ kan, ìyẹn lé ní 600 dúrọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ náà, afárá Àpẹ̀tẹ̀ gé, adágún Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnwọ́sílẹ̀, omi wọ oko ẹja Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì tún lé ní ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí tó lọ sí i. Ní 2014, Bánkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ omíyalé Ìbàdàn. Gbèsè ni o, kì í ṣe ìtọrẹ. Ìwọ àti ọmọ rẹ lẹ ó jọ san án.

Wá gbé éékà 6 rẹ wò. Bí òjò bá ń rọ̀ ní ìwọ̀n milimítà 100 ní wákàtí kan, òjò líle ni, àmọ́ a ń rí i, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ igbó, koríko àti gbòǹgbò yóò mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Ká ní ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan ló ṣàn jáde: kò tó dúrọ́ọ̀mù kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ní báyìí, ti kàtàpílà wọ ibẹ̀. Gbé páànù lé gbogbo orí ilé, fi intálọ́ọ̀kì bo gbogbo àgbàlá, da ọ̀dà sójú títì. Òjò kan náà, ilẹ̀ kan náà, ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni yóò ṣàn jáde: ó lé ní dúrọ́ọ̀mù méjì àbọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Òjò ò pọ̀ sí i. Ìwọ lo mú omi pọ̀ sí i.

Gbogbo wa la mọ òwe àgbàrá òjò tí kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. A máa ń pa á bíi pé onílé kan ṣoṣo ló wà láyé. Nígbà tí onílé yìí kò gbà fún àgbàrá, ilé ta ló ní kó lọ wó?

Èmi mọ ìdáhùn rẹ̀ lára. Ní 1994 mo kọ́ ilé tèmi, èmi tí mo ti wọnlẹ̀ fún gbogbo ayé. Ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ díẹ̀. Mo pe tipá, wọ́n da ilẹ̀ pupa síbẹ̀ ní ogójì ìrìn, mo fi gbé e ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Mo mọ fẹ́ńsì yí i ká láìsí ihò kan lára rẹ̀ tí omi lè gbà. Ẹ wo ẹwà! Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lóru, mo sùn bí ọmọ ọwọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹnìkan kan géètì. Màmá àgbàlagbà kan ni, ẹ̀yìnkùlé mi nilé rẹ̀, ó sì ti ń gbé ibẹ̀ kí n tó ra ilẹ̀ tèmi. Ìró rẹ̀ tutù dé ìbàdí. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo ní, ẹ káàárọ̀ mà, ṣé kò sí? Kò bú mi. Ó ní, “Ọmọ mi, omi rẹ sùn sí ilé mi lánàá.”

Mo tẹ̀ lé e lọ. Àpò gààrí rẹ̀ ti wú. Matírẹ́ẹ̀sì wà lórí tábìlì. Ibi tí omi ìgbà kan ń gbà kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀ mi, mo ti di í pa. Omi wá gba ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì mi, ó fi gbogbo agbára wọ yàrá ẹni tí kò da tipá kankan. Mo fọ́ fẹ́ńsì níbi mẹ́ta, mo gbẹ́ gọ́tà láti iwájú ilé mi lọ sí ojú títì, mo tún yàrá màmá náà ṣe. Owó tó ná mi lé ní owó ogójì tipá. Títí màmá fi kú, nígbàkígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú, ojú máa ń tì mí láti gba iwájú ilé wọn kọjá. Nítorí náà, bí mo ṣe ń bá ọ wí yìí, mi ò sọ pé mo mọ́ ju ìwọ lọ.

Ohun tí títẹ́ ilẹ̀ jẹ́ gan-an nìyẹn. Àwọn èèyàn rò pé kí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí tábìlì ni. Rárá o. Ilẹ̀ tó tẹ́ bí tábìlì, adágún ni. Dídà la ń dà á, díẹ̀díẹ̀, kí omi lè mọ ibi tó ń lọ láìsáré jù. Lára ògiri ilé, kí ilẹ̀ rẹlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 láàárín mítà 3 àkọ́kọ́, kí omi má bàa jókòó ti ìpìlẹ̀. Nínú gọ́tà, bó bá rìn tó mítà 100, kó rẹlẹ̀ tó mítà 1. Bí ààyè ò bá sí, ìdajì rẹ̀.

Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, torí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti orí dípò kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ká ní gọ́tà rẹ gùn tó mítà 30, o sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú jíjìn sẹ̀ǹtímítà 20. Bó ṣe ń rẹlẹ̀ lọ, tó bá dé ojú títì yóò ti jìn tó 50. O wá débẹ̀, o bá gọ́tà ìjọba tí kò jìn ju 40 lọ. Omi rẹ wà nísàlẹ̀ gọ́tà ìjọba pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 10! Kò ní lọ sókè fún ọ. Yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa bí ẹ̀fọn, lọ́jọ́ tí òjò bá sì le, gọ́tà ìjọba ni yóò máa tú omi sínú ọgbà rẹ. Ìsàlẹ̀ gọ́tà tí omi yóò bọ́ sí ni kí o kọ́kọ́ wọ̀n, kí o tó fa ìlà kan lókè. Bí o bá sì ń wọ̀n ọ́n, rántí pé títì tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí lónìí, wọn yóò da ọ̀dà sí i lọ́la, wọn yóò sì gbé e ga. Mélòó nínú ilé Ìbàdàn, mélòó nínú ti Èkó, la ń fi àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ sí láti ojú títì báyìí? Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, títì ló wà nísàlẹ̀.

O bi mí nípa dída ilẹ̀ pupa sí igun ìsàlẹ̀, kí o lè rí pulọ́ọ̀tì mẹ́ta sí i tà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú dída ilẹ̀, bí àwòrán bá sọ ibi tí omi ibẹ̀ yóò gbà dípò rẹ̀. Àmọ́ kó ilẹ̀ dúdú orí rẹ̀ kúrò ná, tòun ti kùkùté, kí o tọ́jú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún koríko. Tẹ́ ilẹ̀ pupa náà ní ìpele ìpele, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, wọ́n omi sí i, kí róla lọ kó bọ̀ lórí rẹ̀ kí o tó da òmíràn. Èyí tí tipá bá kàn dà jọ gègèlè, tí kàtàpílà rọra fi imú tẹ́, ọdún méjì ni yóò fi sún kẹrẹ. Jámánì flọ́ọ̀ ẹni tó rà á yóò là, yóò sì wá ọ dé ilé bàbá rẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí o ṣe é. Gọ́tà ìsàlẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wà, kí ẹ máa gun òkè bọ̀. Bí o bá ṣí gbogbo éékà 6 sílẹ̀ nínú oṣù Òkúdù láìsí gọ́tà, òjò yóò kó o lọ bá gọ́tà àwọn tó wà nísàlẹ̀, yóò dí i pa, àwọn ni wọn yóò sì máa sanwó fún akógọ́tà.

Ní ti òfin, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́. Òfin ìlànà ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 béèrè pé kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilégbèé sórí ilẹ̀ tó ju hẹ́kítà 2 lọ mú ìwé àyẹ̀wò àyíká wá pẹ̀lú fáìlì rẹ̀. Éékà 6 rẹ jẹ́ hẹ́kítà 2.4. Ní 2003 ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ọ̀rọ̀ ìlànà ìlú, ti ìpínlẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí wọ́n ń béèrè l'Ékòó fi yàtọ̀ sí ti ibí, tí ọ́fíìsì tó ń mójú tó gọ́tà fi ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ níbẹ̀. Lọ béèrè iye mítà tí wọ́n fẹ́ kí o fi sílẹ̀ létí odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ rẹ. Gbà á ní kíkọ. Má gba ti ẹnu. Ẹni tó sọ ọ́ lẹ́nu kọ́ ni yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri.

Nísinsìnyí, ohun tí kò ní dùn mọ́ ọ nínú. Pulọ́ọ̀tì 29 àti 30, àwọn méjì tó wà ní igun ìsàlẹ̀, má tà wọ́n. Mo ti ń gbọ́ bí o ṣe ń mí kanlẹ̀. Fara balẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín omi tí igbó rẹ ń tú jáde tẹ́lẹ̀ àti èyí tí ẹ́síteeti rẹ yóò tú jáde, bí òjò milimítà 100 ní wákàtí kan tí mo sọ yẹn bá rọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó tó nǹkan bí 3,300 dúrọ́ọ̀mù. Bí o bá gbẹ́ pulọ́ọ̀tì méjì yẹn jìn tó mítà kan, tí etí rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ tí koríko sì bò ó, yóò gbà á, ààyè yóò tún ṣẹ́kù. Fi páìpù kékeré sí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, kí omi máa jáde pẹ̀lú ìwọ̀n tó ń gbà jáde nígbà tó jẹ́ igbó. Ẹnjiníà yóò ṣírò rẹ̀ dáadáa ju báyìí lọ. Ìwọ ṣá mọ ohun tí wàá bi í. Lọ́jọ́ tí òjò ò bá rọ̀, àwọn ọmọ yóò gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Tí o bá sì fẹ́ gba owó rẹ padà, fi owó pulọ́ọ̀tì méjì náà kún orí méjìdínlọ́gbọ̀n tó kù, kí o sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ. Ẹni tó bá ti fi bàtà òjò wọ yàrá ara rẹ̀ rí yóò san án.

Sátidé ni mo ń retí rẹ. Mú rọ́bà tí bíríkìlà fi ń mú lẹ́fẹ́lù dání, èyí tó mọ́ gaara, tó gùn tó ogún mítà. Wọ bàtà tó lè wọ ẹrẹ̀. Mo rí ilé kan nísàlẹ̀ ilẹ̀ rẹ lọ́jọ́ tí a kọjá níjelòó, ìyá kan ń yan gààrí lábẹ́ àtíbàbà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó kọ́kọ́ yà sí. Ìwọ ni kó o dọ̀bálẹ̀ kí i, kì í ṣe èmi. Lẹ́yìn náà kí o bi í léèrè ibi tí omi dé lára ògiri wọn ní 2011, kí o fi rọ́bà náà mú gíga rẹ̀ bọ̀ lórí ilẹ̀ tìrẹ, kí a rí pulọ́ọ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀.